Fúláàṣì Tó Ń Dúró De Ẹyẹ Àkọ̀

Kí Metodi tó fẹ̀yìn tì, katakata ló ń tún ṣe. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà gbogbo abúlé Dolna Vrabka ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò o, òun nìkan ni kì í sá fún ẹ̀rọ tó bá ń kùn.

Ti Màmá Tsonka ló kàn lọ́sẹ̀ náà. Kọ̀ǹpútà yìí ti lé lógún ọdún, ó sì ti kọ̀, kò jí mọ́. Inú rẹ̀ ni ohùn ọkọ màmá náà wà, èyí tó gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń dán máìkì wò. Kò sí ohùn rẹ̀ níbòmíràn. Lọ́la ni yóò pé ọdún kan tí bàbá náà kú, àlìkámà tí wọ́n ń sè fún ìrántí òkú ti wà lórí iná, Tsonka sì fẹ́ kí àwọn tó bá wá jẹ ẹ́ gbọ́ ọkọ òun.

Metodi kọ ètò tí yóò jí ẹ̀rọ náà sórí fúláàṣì, ó tì í bọ ihò ẹ̀yìn torí pé àwọn ti iwájú ti kú. Ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan. Ó mọ̀ pé irú àgbà bẹ́ẹ̀ kì í ka ètò tí wọ́n tò lọ́nà òde òní, ló bá tún un kọ lọ́nà àtijọ́. Ó fi fúláàṣì ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ yóò bi léèrè bó bá ń jí. Ó tì í bọ ihò náà kó tó tan iná. Pàbó! Bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, wéré ló ń ṣí. Ó ti pé ọjọ́ méjì gbáko báyìí tó ti ń bú ẹ̀rọ aláìṣẹ̀.

Ìgbà tó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ̀rọ ló tó rí i. Okùn pupa àti funfun tí òun fúnra rẹ̀ so mọ́ fúláàṣì lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ni, bí gbogbo ará abúlé ṣe ń so ó mọ́ ọwọ́, mọ́ ewúrẹ́, mọ́ ohunkóhun tí wọn ò fẹ́ kó ṣàìsàn, títí wọn yóò fi rí ẹyẹ àkọ̀ tó ń padà bọ̀ lẹ́yìn ìgbà òtútù. Ihò ẹ̀yìn náà jìn, kókó okùn sì há sẹ́nu rẹ̀. Fúláàṣì ò wọlé tán láti ọjọ́ yìí.

Metodi mú sísọ́ọ̀sì. Tsonka já a gbà.

"O ti rí àkọ̀ ni?"

"Màmá, ọ̀la mà lọ̀rọ̀ yìí!"

"O fẹ́ kó ibi bá ohùn ọkọ mi, àbí?"

Okùn ti Metodi fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun náà. Ni wọ́n bá jáde lọ wá ẹyẹ. Lẹ́bàá odò, Metodi nawọ́ sí nǹkan funfun kan.

"Lékeléke nìyẹn. Ojú mi ò tíì fọ́."

Metodi fi àwòrán àkọ̀ hàn án lórí fóònù.

"Ṣé èyí lè jẹ ọ̀pọ̀lọ́?" Tsonka bi í.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n rí àkọ̀ gidi lórí ọ̀pá èéfín ilé búrẹ́dì. Metodi bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Ó dúró ni," Tsonka wí. "Ẹni tó bá rí èyí tó dúró, ọ̀lẹ ni yóò ya lọ́dún náà. Àfi kó fò."

Metodi pàtẹ́wọ́, ẹyẹ wò ó. Ó ju fìlà, fìlà há sórí òrùlé. Ni bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta bá gun àkàbà, ó ń ju apá, ó ń ké bí ẹyẹ, àlùfáà tó ń kọjá sì fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Bóyá ojú ló ti àkọ̀ náà nítorí rẹ̀, ó fò lọ.

Wọ́n tú okùn náà, wọ́n so ó mọ́ igi ápù. Fúláàṣì wọlé, ó dún kì. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó jí. Metodi wá fáìlì ohùn náà rí, ó ṣí i.

Ariwo afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ohùn ọkùnrin kan: "Ṣé ó ń gbọ́ mi báyìí? Tsonka, ti ilẹ̀kùn yẹn jàre, afẹ́fẹ́ ń wọlé."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tsonka dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.