Kámẹ́rà Tó Ń Kí Àgbà

Nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ní Inísà fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, wọ́n ní kí n wá mú orí kan, àwọn fi ta mí lọ́rẹ. Kì í ṣe orí ènìyàn o. Orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé ni, méjì ló sì kù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan dúdú, ó tóbi, ó ní ọwọ́ mẹ́ta gbọọrọ tí a fi ń darí rẹ̀. Èkejì kéré, irin roboto kan bí òroǹbó wẹ́wẹ́ ló jókòó sínú ihò, ó ń yí síbi gbogbo, síkúrù kan ṣoṣo ló ń dá a dúró.

Ọkọ mi, tíṣà, ti gbé èyí tó tóbi mọ́ àyà. "Èyí ló jọ iṣẹ́ gidi."

"Ọwọ́ mélòó lẹ rí lára mi, bàbá ọmọ mi? Ọ̀kan ń di ìdí ọmọ yín mú."

Mo mú olórí roboto.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ ilé tí à ń gbé ní Ìkìrun. Òkukù làwọn fúnra wọn ń gbé, ṣùgbọ́n wọ́n ti yàrá iwájú pa mọ́ ẹrù aṣọ wọn. Yàrá yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe ilé fọ́tò. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó tó ń tọ́mọ ló fẹ́ máa ya ènìyàn? Ó dáa, wá yà mí. Bí mo bá pé níbẹ̀, n ó kó ẹrù mi. Bí o bá gé mi lórí tàbí lẹ́sẹ̀, má dárúkọ yàrá yẹn fún mi mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń lọ bá wọn ní Òkukù, mo fi òróró maṣíìnì ìránṣọ mi pa irin roboto náà. Nílé wa, gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin là ń fún ní òróró. Ó ń yọ̀ bí ilá, inú mi dùn.

Màámi, ìyá ọkọ mi, ti jókòó níwájú ilé wọn, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀, ojú le koko bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Mo kọjú kámẹ́rà sí wọn, mo dè é, mo yọwọ́. Kámẹ́rà bá rọra tẹrí ba, ó ń wo bàtà wọn.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ dáadáa," ni Màámi wí fún kámẹ́rà. "Dìde."

Mo gbé e sókè, mo fi gbogbo agbára dè é. Ó tún tẹrí ba.

"Ó tó, ọmọ mi, wàá dàgbà. Ìyàwó, ta ló kọ́ eléyìí nílé? Kò lè jẹ́ ìwọ. Ìkúnlẹ̀ tìẹ kì í pẹ́ tó báyìí."

Ọkọ mi yí ẹ̀yìn padà, èjìká rẹ̀ ń mì. "Mo ní ká mú olọ́wọ́ mẹ́ta."

Yàrá ti ń lọ. Mo fọwọ́ kan irin náà, ìka mi yọ̀: òróró mi! Mo fa ìlédìí mímọ́ kan yọ nínú àpò ọmọ, mo nu irin náà àti inú ihò rẹ̀, mo sì bu pọ́dà ọmọ sí i, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń ṣe ìdí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Mo tún dè é. Ó dúró gbagidi.

Màámi ń retí. "Kí ló dé? Kò kí mi mọ́? Àbí ó ń bínú?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti tẹ kámẹ́rà.

Nígbà tí mo fọ fọ́tò náà, orí pé, ẹsẹ̀ pé, bàtà pé. Ṣùgbọ́n eyín náà pé síta. Láyé ìgbà náà, àgbà kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo gbé e fún wọn bí ẹni gbé ẹyin.

Wọ́n wò ó títí. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ìyá mi nìyí," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyí. Wọn ò ya fọ́tò rí kí wọ́n tó lọ." Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ yàrá iwájú kúrò ní etí aṣọ wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, àwọn àgbà Òkukù ń wá sí Ìkìrun wá wo kámẹ́rà tó ń kíni. Mo ní láti kọ́kọ́ tú síkúrù, kó tẹrí ba, kó gba àdúrà tirẹ̀, kí n tó dè é. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé, bàbá kan dìde lórí àga, wọ́n ní àwọn kì í jókòó ti ẹni tí kò kí àwọn.