Ìgbà Tí Mo Bá Bàbá Mi Rojọ́

Láti kékeré ni mo ti mọ iyàn-án jà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi ni agbára mi mọ. Bàbá mi, tó ń ta bàtà ní Woliwo nílùú Onitsha, kọ́ wa pé ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Bí àgbà bá tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ohun tí èmi á wí ni pé, "Bóyá ẹ gbàgbé ni, sà." Ẹ̀kọ́ ilé yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nídìí lọ́yà.

Kí n tó wọlé pàápàá, ojú mi rí màbo. Ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ń béèrè krẹ́díìtì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti lítíréṣọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èmi ò ka lítíréṣọ̀ rárá, físíìsì ni mo ń bá jìjàkadì. Aládùúgbò wa kan, ìyá Ìgbò tó ń ṣe tíṣà ní GRA, ní kí n máa wá sọ́dọ̀ àwọn ní gbogbo Sátidé. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá fi Ìgbò dúpẹ́ pé "Daalu, Ma," wọ́n á ní kí n lọ kàwé. Ojú ò ní tì wọ́n láéláé. Mo tún ìdánwò ṣe, mo yege, mo sì wọlé.

Láti ilé ni mo ti ń wọkọ̀ kọjá ìlú Umunya lọ síléèwé. Olùkọ́ wa kan tó ti hewú kì í pe nóòtì fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fún wa ní ẹjọ́ kan lọ kà nílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á pe ẹnìkan dìde pé kó ṣàlàyé ìdí tí adájọ́ fi dá a bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tí kò tọ̀nà, kí akẹ́kọ̀ọ́ já àwọn nírọ́. Ẹni tó bá gbà fún wọn, òdo ló gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni orúnkún mi tẹ̀ bí ẹni tó ń kí àgbà, tí mo ní, "Yes, sir." Àwọn ẹgbẹ́ mi wá ń kí mi láàárọ̀ pé, "Yes Sir don come!" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí wọra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù, olùkọ́ sì ti dá ọjọ́ rẹ̀ fún mi. Bí mo bá tún gba òdo, iléèwé á gbé mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Ṣé torí tèmi lo ṣe fẹ́ pàdánù lọ́yà? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Láti òní lọ, tí a bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, wá bá mi jiyàn."

Ìyá mi pariwo pé ayé ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan la fi jiyàn lórí bàtà àti ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò le tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpè ìkẹyìn, bàbá mi ní:

"Ọdún mẹ́ta rèé tí mi ò tíì lọ wo ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ni kò jẹ́. Já mi nírọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn mí tipẹ́. Èmi ni ìyá àgbà máa ń bi lórí fóònù bóyá ọmọ àwọn ń bọ̀. Mo dìde.

"Kì í ṣe òótọ́, Bàbá. Ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù fọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹ bá lọ kó bàtà ní Aba. Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn sì ń lọ láràárọ̀. Ẹ ò fẹ́ lọ ni."

Ìyá mi káwọ́ lérí.

"Òótọ́ ni," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀rù bí wọ́n ṣe darúgbó tó ló ń bà mí. Bí o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ni kí o sọ fún olùkọ́ rẹ lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ẹjọ́ náà túmọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe já wọn nírọ́. Orúnkún mi ò tẹ̀. Olùkọ́ kọ máàkì sílẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, èmi náà sì di ọmọ ẹ̀ka òfin tòótọ́. Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ròyìn. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá mi ní bàbá mi ti wọ bọ́ọ̀sì Ìbàdàn láàárọ̀.

Mo pe fóònù bàbá mi nígbà tí ilẹ̀ ṣú kí n lè dúpẹ́. Ìyá àgbà ló gbé fóònù náà. Wọ́n ní kí n rọra sọ̀rọ̀, ọmọ àwọn ń sùn.