Ẹni Tó Pín Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́

Wọ́n ní Bọ̀dá Gbémiga di nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ wa sínú ìkòkò, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ ní Ìsìkàn. Pé ohun tó rì ló yí padà bá a jà, tí kò fi lè gba géètì wa kọjá mọ́. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi ń jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá Gbémiga tí mo mọ̀ kò lè pa aáyán. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà gbogbo wa, kọ́kọ́rọ́ a sì máa dún ní ìbàdí rẹ̀ bíi ṣaworo ọrùn ajá ọdẹ. Wọ́dà, bíi ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ni mo ń pè é. Bó bá dìde báyìí, màá fi àwòrán òbúkọ sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Á ní àbúrò òun ni.

Lọ́dún 2016 tí nǹkan le, ilé-iṣẹ́ ńlá tó bí wa ní Oǹdó ta tiwa ní Àkúrẹ́ fún ọ̀gá mìíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ṣoṣo la jọ ń lò, wọ́n ní kí Bọ̀dá Gbémiga yà á sí méjì. Oṣù mẹ́ta ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Ó kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sínú ìwé méjì, ti Oǹdó àti ti Àkúrẹ́. Ibi tí orúkọ rẹ bá wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ wà.

Mo wo ìwé tiwa. Mo wà níbẹ̀. Màmá Agnes tó ń gbálẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ní, "Wọ́dà, ẹ ti gbàgbé orí ńlá yín síta o."

Ó ní, "Lọ́lá, ẹni tó ń pín ẹran kì í kọ́kọ́ mú. Tí mo bá ti Oǹdó dé lọ́jọ́ Ẹtì, màá kọ tèmi sísàlẹ̀."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ. Bírò ló yẹ kí n mú.

Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá tuntun ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú ìwé náà wá bó ṣe wà. Bọ̀dá Gbémiga wà lábẹ́ tábìlì ní Oǹdó, ó ń tú wáyà. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, géètì kò gba káàdì rẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn tó wà nínú ìwé ni òun rà. Àwọn ti Oǹdó ní ṣebí Gbémiga fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé. Ó dúró sójú oòrùn, kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ kò dún. Mo fi àwòrán òbúkọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, bóyá á rẹ́rìn-ín.

Ìwé méjèèjì wà níwájú mi. Orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Kò sí ti Gbémiga nínú ọ̀kankan.