Ìkúnlẹ̀ Tó Jẹ́ Kí Ọ̀yọ́ Rí Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ tí ẹnjiníà Bùsáyọ̀ so Ọ̀yọ́ mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ láìlo wáyà, n kò lè gbàgbé ẹ̀ láé. Èmi ni mo ń ṣọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Ọ̀yọ́, èyí tí àṣá ń sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó fò dé orí rẹ̀. Àwo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òpó náà gbọ́dọ̀ kọjú sí èkejì rẹ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ́lẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá iléeṣẹ́ yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ Bùsáyọ̀ nírọ̀lẹ́. Látàárọ̀ ló ti wà lórí òpó tó ń yí i, pàbó ló ń já sí.

Bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, ó rí mi látòkè, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá!"

Orúnkún rẹ̀ bá ti àwo náà, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ni ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pariwo lórí fóònù láti Takie: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé! Má mì í mọ́!"

Kíá ló dè é pinpin. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́, iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, àwo náà ṣì ń tẹrí ba fún mi.