Ìbéèrè tí Àmọ̀kẹ́ Kò Dáhùn

Àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ Morẹ́nikẹ́, ọmọ àbúrò mi, máa ń kùn pé àkókò tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu aboyún kan tó ti ẹni mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ọ̀dọ̀ mi ní Àjàngbádì ló ń gbé nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, lọ́dún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì dí Àpápá pa. Owó ń bẹ níta, gbogbo ayé ń kọ́lé, èmi náà ń kọ́. Làtífù, awakọ̀ tírélà, ló gba yàrá méjì tí mo kọ́kọ́ parí, òun, ìyá rẹ̀, Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì, Ràsákì àti Mùsítúrà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá.

Àmọ̀kẹ́ ló ń dirun fún Morẹ́nikẹ́, kì í gba kọ́bọ̀. "Nọ́ọ̀sì mi, ìwọ ni wàá gbẹ̀bí mi o."

Oyún wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Òkokomáìkò, níbi tí wọ́n rán Morẹ́nikẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ nípamọ́ níbẹ̀. Obìnrin tó bá ti bímọ púpọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ rí nígbà ìbímọ, ilé ìwòsàn ńlá nígboro ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí, kí wọ́n lè ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹbí rẹ̀ sílẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ bi í níwájú gbogbo aboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì: "Ìyá Ràsákì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti bímọ?"

Àmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mo ń dirun fún fẹ́ ka ọmọ mi. Ṣé adìẹ ni mo ń sìn ni?"

Ẹnì kan ní, "Nọ́ọ̀sì, lọ ka ti ìyá tìrẹ ná!" Ẹ̀rín bú sọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀gá ń wò mí."

"Ṣé o kò mọ Ràsákì ni? O kò mọ Mùsítúrà? Kọ ohun tó bá wù ọ́."

Morẹ́nikẹ́ kọ méjì. Ó mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó ń sáré kiri àgbàlá mi nìkan ló rí. Kò rò ó dé ibi pé aboyún kì í dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti lọ, kí wọ́n má baà gbọ́.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni ìrọbí mú un. Ọmọkùnrin ló bí, ó sì ké dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń fọwọ́ ra á níkùn, kò dá. Ìyá Làtífù káwọ́ lérí: "Yéè! Ẹ̀jẹ̀ Àlímọ̀ tún dé!"

"Ta ni Àlímọ̀, Ìyá?" ni Morẹ́nikẹ́ bèèrè.

"Èyí tó bí kẹ́yìn ní Ìsẹ́yìn. Bó ṣe dà nìyí. Ọmọ náà kò dúró."

Ọkọ̀ mi ni a fi ń gbé e lọ sígboro. Wọ́n ń la títì ńlá lọ́wọ́, katakata ti wú gbogbo ọ̀nà. A kò tíì dé oríta Ìbà tí ọwọ́ Àmọ̀kẹ́ tí Morẹ́nikẹ́ dì mú fi tutù. Ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ pọ̀ nínú ẹbí wọn. Ká ní a ti mọ̀, tí wọ́n darí rẹ̀ sígboro, kò ní ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Làtífù nìkan ló bá Morẹ́nikẹ́ sọ̀rọ̀. "Agbo ilé kan náà la wà. Kí ló dé tí o kò bi ìyá mi ní kọ̀rọ̀?"

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, Morẹ́nikẹ́ wá kúnlẹ̀ ti ìyá Làtífù, tó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀. Kò mú bírò dání. Kò bèèrè iye.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tẹ̀lé Ràsákì?"

"Àdìjá."

"Ta ló tẹ̀lé e?"

"Mùsítúrà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, Kàsúmù, Sàfú, ohùn ìyá ń relẹ̀ sí i, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Àlímọ̀.

"Ta ló wá tẹ̀lé Àlímọ̀, Ìyá?"

Ìyá wo ọmọ tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọ̀la la ó sọ ọ́ lórúkọ."