Wáìfáì Tí Nímọ́tà Fi Ṣe Sàárà

Wọ́n ní yàhúù-yàhúù ni Àlàájà Nímọ́tà fi ń bọ́ ilé rẹ̀ ní Ìgàndo látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní hìjáàbù tó ń rán, ojú ayé lásán ni. Irọ́ gbuu! Obìnrin tó jẹ́ pé ká ṣáà fi fóònù pe ọmọ ẹni ló mọ̀.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nígbà tí Àlàájì Sàlámì wà láyé, ó gbẹ́ bóòhólù sínú ọgbà, ó wá na ẹnu ẹ̀rọ kan síta fẹ́ǹsì kí aládùúgbò máa rí omi pọn lọ́fẹ̀ẹ́. Sàárà ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Nímọ́tà rò ó lọ rò ó bọ̀: ṣebí wáìfáì tí ọkọ òun fi sílẹ̀ náà lè di sàárà? Ó ránṣẹ́ pe Fẹ́kọ́mi, ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún, pé kó yọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ kúrò.

"Ìyá, kò dáa bẹ́ẹ̀ o," ni Fẹ́kọ́mi wí. "Ó kéré tán, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù kejì tó wà nídìí ẹ̀rọ wáìfáì yìí, èyí tí wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀. Bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́ náà ló ṣì wà, ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fi wọlé, ẹ̀rọ ti di tiẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ sàárà? Fi í sílẹ̀ jàre."

Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wáìfáì náà ń jẹ́; bí orúkọ òkú ṣe ń yọ lórí fóònù àdúgbò nìyẹn: Sàlámì. Àwọn ọmọ iléèwé a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, wọn a ní, "Ọlọ́run á forí jin bàbá." Nímọ́tà nídìí màṣíìnì a ṣe "Àmín", inú rẹ̀ a tutù.

Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọlọ́pàá dé.

"Sàlámì dà?"

"Ó wà ní sàréè."

"Ìyá, ẹ má fi wá ṣeré o! Íńtánẹ́ẹ̀tì Sàlámì ni wọ́n fi lu obìnrin kan ní jìbìtì."

Wọ́n kó òun àti ẹ̀rọ lọ. Fẹ́kọ́mi ló lọ là á yé wọn pé ẹnìkan ti fi páswọ́ọ̀dù ìdí ẹ̀rọ wọlé, tó sì ti nu gbogbo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Wọ́n tú Nímọ́tà sílẹ̀, wọ́n dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà, wọn ò rí olè mú. Orúkọ Sàlámì tí ò jalè rí ló kù lọ́wọ́ wọn.

Fẹ́kọ́mi wá fi páswọ́ọ̀dù sí wáìfáì náà padà, ó pààrọ̀ ti ìdí ẹ̀rọ, ó yọ orúkọ náà kúrò. Kò sí ọmọ tó tún jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kò sì sẹ́ni tó tún ṣàdúrà fún òkú. Àjíṣafẹ́ oníbúrẹ́dì ń pariwo láti òdìkejì títì: "Ìyàwó Sàlámì ti di ahun o! Àbí yàhúù ò lọ déédéé mọ́ ni?" Màṣíìnì rẹ̀ ni Nímọ́tà ń tẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ gba hìjáàbù ọmọ mi, mo bi í bóyá yóò ti omi náà pa. Ó gé òwú, kò wojú mi.

"Omi ṣì wà níta. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbúròó kẹ́ẹ̀gì báyìí, màá yọjú wo ẹni tó fẹ́ pọn ọ́n. N kì í yọjú tẹ́lẹ̀."