Ṣadé tún sáré wá bá mi ní Ẹnuwá

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún ní gbangba Ẹnuwá lọ́sàn-án òní!

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni ẹnì kan pariwo: "Àǹtí! Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má kúrò o!"

Ṣadé ni. Ewú ti ń yọ lórí ẹ̀.

Láyé náíntíìsì, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo yọ̀ǹda ara mi níbi ìdíje eré ìje àwọn ọmọ tí òye wọn kì í tètè yá. Iṣẹ́ mi ò ju kí n dúró níbi tí eré ti máa parí, kí n dì mọ́ Ṣadé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó bá dé. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni kó o máa sáré bọ̀ o."

Ṣadé ló ṣíwájú! Ara mi ò gbà á. Mo sá kúrò láyè mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, mo ń pariwo orúkọ ẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó wá dì mọ́ mi. Ọmọ mìíràn ló gba ipò kìíní. Èmi ń sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé kò mọ̀ pé èmi ló fà á.

Lónìí, mi ò mira. Ó sáré dé, ó dì mọ́ mi pinpin.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò kúrò lónìí."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti dárí jì yín, tẹ́ ẹ rò pé kò rántí?